Wòlíì, Oníwèé Ìbúra

Ẹni tó bá ń wá wàhálà ní kóòtù yẹn, kò dìgbà tó bá jalè. Kó ṣáà ti búra níbi tí Wòlíì ti lè gbọ́, ó parí. Wòlíì kì í ṣe wòlíì o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ tàn yín. Akọ̀wé ni. Òun ló ń gbé ìwé ìbúra fún àwọn ẹlẹ́rìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gbé e, àmọ́ àwọn wòlíì Júù ayé àtijọ́ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Jeremáyà ni tàárọ̀, Aísáyà ni tọ̀sán, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí inú ṣì ń bí i, á gbé Sefanáyà lé e. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ó máa ń ṣe bíi pé òun ò fẹ́ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní akọ̀wé kẹ́ ẹ wò ó, kò ní dá yín lóhùn.

Awakọ̀ adájọ́ ló kọ́kọ́ kàgbákò ẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́, ó ní táyà ló jò, ló bá nawọ́ sí mọ́tò: "Mo fi sítiárì yìí búra, táyà ló jò!"

Wòlíì tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀ ní kọ́rídọ̀ bá dúró gbagidi.

"Kí lo fi búra?"

"Sítiárì ni, Bàbá."

"Ṣé sítiárì ló dá ẹ?"

"Rárá, sà."

"Ṣé sítiárì lo máa ké pè lọ́jọ́ tí ikú bá kanlẹ̀kùn?"

Awakọ̀ ní rárá, sà, òun ò ní ké pè é. Wòlíì bá bẹ̀rẹ̀. Ó mú un láti ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti jẹun yó tán, tí wọ́n gbàgbé Ẹni tó bọ́ wọn, tí wọ́n wá ń fi ohun tí kì í ṣe ọlọ́run búra. Ó mú un gba ibi tí àwọn wòlíì ti kìlọ̀ kìlọ̀ tí ohùn wọn fi há. Wákàtí kan gbáko. Adájọ́ ti jókòó sínú mọ́tò, ó ń retí awakọ̀. Awakọ̀ dúró sí kọ́rídọ̀, ó ń retí kí wọ́n tètè kó àwọn Júù dé Bábílónì kóun lè ráyè lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí Wòlíì lọ́ọ̀ọ́kán, ìbúra á yí padà lẹ́nu wọn. Ẹni tó ti ní "mo fi ìyá mi..." á yára sọ ọ́ di "mo fi ìyá mi sílẹ̀ nílé láàárọ̀ yìí." Àwọn lọ́yà gan-an ń ṣọ́ra. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé òrìṣà kì í ṣe igi tí wọ́n gbẹ́ nìkan. Ó ní ohun tó o bá fi búra, òun lo fi ṣe ọlọ́run ẹ, torí kò sẹ́ni tó ń fi ohun tí kò kà sí búra. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ọ̀bẹ ẹ̀ mú. Àmọ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiẹ̀. Bí wọ́n bá pe ẹlẹ́rìí wọ inú àpótí onígi tí wọ́n ń dúró sí, Wòlíì á fi ọwọ́ òsì gbé ìwé síwájú ẹ̀, á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e, kó máa tẹ̀ lé òun sọ ọ́. Ọgbọ́n pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Òmíràn á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, kó lè jẹ́ èékánná nìkan ló kan ìwé, bíi pé èékánná lè búra kí ọwọ́ má búra. Wòlíì á tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀ẹ́. Òmíràn á gbé ọ̀rọ̀ mì, á fo orúkọ Ọlọ́run. Wòlíì á ní kó padà sẹ́yìn, kó lọ gbé e.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tó jí kẹ̀kẹ́ aládùúgbò ẹ̀ gbé. Lọ́yà ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó máa sọ, ó ti há a sórí dáadáa. Bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe kan ìwé tí Wòlíì gbé dání, gbígbọ̀n ló bẹ̀rẹ̀, òógùn bò ó: "Ẹ gbé e kúrò, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo gbé kẹ̀kẹ́!" Lọ́yà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Odindi ọdún kan ni Wòlíì fi sọ ìtàn yẹn. Á ní ṣé ẹ rí agbára Ọ̀rọ̀ náà?

Ìwé ọ̀hún wá ńkọ́? Ó nípọn, aṣọ dúdú ló wà lára ẹ̀, wọ́n sì rán an pa yíká bí ìrọ̀rí. Wòlíì fúnra ẹ̀ ló rán an, ọdún kọkànlá rèé, lọ́sẹ̀ tí kóòtù kó kúrò nínú ilé àtijọ́ tí òrùlé ẹ̀ ń jò. Ó nídìí tó fi rán an. Ní ilé àtijọ́ yẹn, ẹlẹ́rìí kan ti ṣí ìwé ìbúra láàárín ìgbẹ́jọ́, ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ kan han adájọ́. Ó ti kà á dé orí kejì kí wọ́n tó rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Òógùn ọwọ́ àwọn yòókù sì ti bo èèpo ìwé, àwọn lẹ́tà wúrà iwájú ẹ̀ ti pa rẹ́ tán. Wòlíì ní òun á fòpin sí ìwọ̀sí yìí. Nígbà tí wọ́n ń tú ẹrù nílé tuntun, ó nawọ́ sínú páálí, ó fa ìwé dúdú gbàǹgbà náà yọ, ó gbé e lé itan. Ó mú aṣọ tí ìyàwó ẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ gé fún un, ó sì rán an pa kílẹ̀ tó ṣú.

Kò ṣí i wò. Kí ló fẹ́ ṣí i fún? Ẹni tó ti gbé ìwé kan dání fún ogún ọdún, ṣé ó tún máa bi í léèrè orúkọ ni? Bíbélì tòun alára tó ń kà wà nílé, ó ti fi bírò fa ìlà sí i títí tí funfun ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti kóòtù, gbígbé ni wọ́n ń gbé e, wọn kì í kà á.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ kóòtù ló tú àṣírí, kò sì wá a lọ. Ìyá Ó-Ṣì-Tutù ni wọ́n ń pè é, torí bó bá ti nulẹ̀ tán, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa pariwo mọ́ adájọ́ mọ́ ọ̀daràn: "Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó ṣì tutù!" Ọkọ ẹ̀ ti kú. Ọmọ méjì ló ń tọ́, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ yẹn nìkan ló sì fi ń tọ́ wọn. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kíláàsì Bíbélì tí Wòlíì ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Sunday jẹ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀, á máa kọ gbogbo ohun tí Bàbá bá sọ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ahọ́n tó yọ síta.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́, ó gun àga kó lè nu fáànù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ ẹ̀ gbá a, omi bo ìwé ìbúra. Yéè, mo gbé! Ó rò pé bí òun ò bá tètè ṣí i sáfẹ́fẹ́, gbogbo ojú ewé ló máa lẹ̀ mọ́ra. Ló bá mú bíléèdì, ó rọra já òwú ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́ aṣọ náà bí ẹni bọ́ aṣọ ọmọ tó ń sùn.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló rí. Wọ́n ya páìpù, wọ́n ya fáàfù tó ń dá omi dúró, wọ́n kọ nọ́ńbà sára nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìwé àwọn tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ni, èyí tí wọ́n fi ń mọ apá tó bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tú u. Ní iwájú ẹ̀, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ilé àtijọ́ tí òrùlé ẹ̀ ń jò yẹn sí i.

Ó sáré lọ pe Wòlíì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Wòlíì wò ó. Ó ṣí i láti iwájú, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bóyá Jẹ́nẹ́sísì á yọ níbì kan láàárín àwọn páìpù. Kò yọ. Páálí ọjọ́ kíkó yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ó rántí pé wọ́n kó ẹrù inú sítóò mọ́ ọn, ó rántí pé òun ò wo nǹkan kan. Ó jókòó. Gbogbo àwọn tó ti kọ ìyàwó, tí wọ́n ti kọ ọkọ, tí wọ́n ti jìjà ilé, tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n jáde láti ọdún mọ́kànlá, orí fáàfù ni wọ́n gbé ọwọ́ lé. Fáàfù náà ni ọkùnrin tó jí kẹ̀kẹ́ yẹn gbọ̀n fún. Jeremáyà kúkú sọ ọ́, pé àwọn èèyàn náà fi orísun omi sílẹ̀, wọ́n lọ ń gbẹ́ kànga tí kò lè gba omi dúró. Wòlíì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an tẹ́lẹ̀.

"Pa ẹnu mọ́ ná," ló sọ fún obìnrin náà. "Gbé e dání, jẹ́ n ronú."

Kò tíì ronú dé ibì kan tí réjísírà, ọ̀gá àwọn akọ̀wé, fi wọlé. Ohun tó rí ni omi nílẹ̀, bíléèdì lórí tábìlì, aṣọ dúdú tí wọ́n já, àti ìwé ẹ̀rọ lọ́wọ́ agbálẹ̀.

"Kí lo fi Bíbélì kóòtù ṣe?"

Wòlíì ni obìnrin náà wò. Wòlíì ń wo ilẹ̀.

Réjísírà náà, ọkùnrin tó mọ ohun tó ń ṣe ni. Kíá lorí ẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé àná ni wọ́n pààrọ̀ ìwé yìí, ọ̀rọ̀ agbálẹ̀ kan lásán ni. Àmọ́ bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ẹni tó ti pàdánù ẹjọ́ láti ìgbà yẹn á padà wá tò sí kọ́rídọ̀, wọ́n á ní káwọn tún un bẹ̀rẹ̀. Ó yíjú sí Wòlíì, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀:

"Bàbá, èyí tí ẹ rán pa níjọ́sí, Bíbélì ni, àbí?"

Wòlíì gbé e yẹ̀ wò. Ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ irọ́, ó sì rí i, ẹlẹ́nu bí òun kọ́ ni kò ní rí i.

"Nígbà tí mo ń rán an," ló wí, "Bíbélì ló wà lọ́kàn mi."

"Ẹ ṣeun, sà," ni réjísírà sọ, kò sì bi í ní ìkejì.

Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ rọọ́kún nílé. Ọjọ́ kẹjọ ni kó padà wá, níwájú adájọ́, kó sọ ibi tó gbé Bíbélì kóòtù sí àti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Bí kò bá rí i sọ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, kò sì síbi tí wọ́n á tún ti gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ olè Bíbélì.

Nílé, ìyàwó Wòlíì ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọkọ òun, torí ó jẹun tán kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó gbé ẹ̀wù tó ń rán sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá wọn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó sọ fún un. Ìyàwó náà yọ abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ gbé e?"

"Wọn ò tíì bi mí."

"Wọn ò tíì bi yín!"

"Ìyá wọn, fara balẹ̀. Ohun tí àwọn wòlíì kìlọ̀ fún wa, ìbúra èké ni. Mi ò búra èké. Mi ò tiẹ̀ búra rárá. Kò sí gbólóhùn kan tó jáde lẹ́nu mi tí kì í ṣe òtítọ́."

"Obìnrin yẹn á sì bọ́ síta."

"Ọlọ́run á jà fún un."

"Ó dáa. Kí Ọlọ́run tó dé, kí lẹ̀yin fẹ́ ṣe?"

Wòlíì ní orí ń fọ́ òun. Kí n má ṣe é ní ẹni burúkú jù bó ṣe burú lọ: ẹ̀rù ń bà á, ojú sì ń tì í, títí tí kò fi lè wo ara ẹ̀ nínú dígí fá irùngbọ̀n. Oṣù yẹn gan-an ló máa fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹ̀yẹ ẹ̀ ti wà ní ọ́fíìsì réjísírà, wọ́n ti fi gíláàsì sí i, wọ́n ti kọ "Olóòótọ́" sí i gàdàgbà gadagba. Ẹni mélòó ló ń rí irú ẹ̀ gbà? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kó wá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rọ omi ló máa bà á jẹ́.

Ọjọ́ Sunday dé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ẹ̀kọ́ tó sì kàn nínú ìwé ètò ni ti gbẹ́nàgbẹ́nà tí Aísáyà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wòlíì ì bá yí i, ṣùgbọ́n wọ́n á bi í pé kí ló dé. Ó kọ́ wọn. Ó ní ọkùnrin kan gé igi, ó fi ìdajì dáná, ó yáná, ó sè, ó jẹ, ó yó, ó wá gbẹ́ ìdajì yòókù, ó fi ojú sí i, ó fi ẹnu sí i, ó dọ̀bálẹ̀ fún un pé "gbà mí." Wòlíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó dúró gan bí ère, ó ranjú, ó la ẹnu sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó ní ẹ wò ó, ó lẹ́nu, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ké pè é ń sunkún lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò mọ̀. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí, omi ń bọ́ lójú wọn.

Ìyá Ó-Ṣì-Tutù wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ dà yín láàmú. Ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ mọ̀ pé mi ò pààrọ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àsìkò tó dáa lẹ̀ ń wá láti sọ fún wọn."

"Olúwa á ṣe é," ni Wòlíì dáhùn, ó sì yára lọ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ọ́fíìsì adájọ́ ni wọ́n jókòó sí, adájọ́ fúnra ẹ̀, tó jẹ́ obìnrin tí kì í fẹ́ kí wọ́n fi àkókò òun ṣòfò, àti réjísírà, àti Wòlíì. Wọ́n ti ra Bíbélì tuntun, ó wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá ẹ̀. Agbálẹ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó fún un ní àga, bẹ́ẹ̀ òun ló nu gbogbo àga ibẹ̀.

Wòlíì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Adájọ́ ní ṣé kó búra. Réjísírà bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ta ló fẹ́ mú Bàbá búra? Ọ̀rọ̀ Bàbá fúnra ẹ̀, ìbúra ni." Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Wòlíì bá dìde, ó tún gbólóhùn ẹ̀ sọ láìyọ ohunkóhun kúrò, pé nígbà tí òun ń rán an, Bíbélì ló wà lọ́kàn òun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé ní Bíbélì ni. Wòlíì rí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó jókòó.

Ó wá kan agbálẹ̀. Òun ní láti búra, torí òun kì í ṣe Bàbá. Ta ló sì máa gbé ìwé fún un bí kò ṣe ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wòlíì dìde, ó gbé Bíbélì tuntun náà tọ̀rá-tọ̀rá, ó dúró síwájú ẹ̀.

"Gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e."

Obìnrin náà ò gbé e.

"Ṣé o ò fẹ́ búra ni?" ni adájọ́ béèrè.

"Màá búra, mà. Ṣùgbọ́n èyí tí mo nù láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún, gbogbo wa la ní Bíbélì ni. Ẹ má bínú, mà, ìwé ti sú mi." Omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo Wòlíì. "Bàbá yìí ni mo mọ̀. Bàbá kì í parọ́. Bàbá ni mo fi búra. Bí mo bá mú Bíbélì kóòtù, bí mo bá pààrọ̀ ẹ̀, kí Bàbá la ẹnu ẹ̀ kó sọ pé mo mú un. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo gbà. Màá lọ sílé."

Réjísírà wo Wòlíì, ó ń retí kó jágbe mọ́ obìnrin náà bó ṣe máa ń ṣe: kí lo fi búra? ṣé èyí ló dá ẹ? Wòlíì pàápàá retí ẹ̀ láti inú ara ẹ̀. Kò wá. Ó dúró gan níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ranjú, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, obìnrin ń sunkún níwájú ẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe irú ẹ̀ fún kíláàsì lọ́jọ́ Sunday. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Má fi mí búra," ló sọ. Ohùn náà kéré. Ó tún un sọ, ó sì le: "Má fi mí búra, ọmọ mi! Èmi ni mo rán an. Mo fa ìwé jáde nínú páálí, mi ò ṣí i, mo rán an pa. Ọdún kọkànlá rèé. Obìnrin yìí ò mú nǹkan kan. Èmi ni mo fi ìwé ẹ̀rọ omi mú gbogbo ẹlẹ́rìí búra."

"Bàbá, ẹ jókòó," ni réjísírà yára wí. "Ara yín ò yá. Mà, ara Bàbá ò yá."

"Ara mi yá."

Adájọ́ bọ́ awò ojú ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Ohun tí ẹ sọ yìí le o. Ṣé ẹ lè búra sí i?"

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Nígbà tó ń yí ọ̀rọ̀ po, kò sẹ́ni tó ní kó búra. Ìgbà tó wá sọ òtítọ́ ni wọ́n ní kó fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Wòlíì ò jiyàn. Ó fa ọ̀rá Bíbélì tuntun náà ya. Kó tó gbé ọwọ́ lé e, ó kọ́kọ́ ṣí i. Ó ṣí i níwájú, ó ṣí i láàárín, ó ṣí i lẹ́yìn, níṣojú adájọ́, ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ láti rí i dájú pé kò sí páìpù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló búra.

Wọ́n ní kí agbálẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí Wòlíì máa lọ sílé, wọ́n á kọ lẹ́tà sí i. Ìwé ẹ̀yẹ onígíláàsì yẹn, kò tún sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀ mọ́. Ohun tí réjísírà sì kọ sínú fáìlì, adájọ́ kà á, ó fọwọ́ sí i, ni pé omi ba ìwé ìbúra jẹ́, wọ́n sì ti ra tuntun. Ọdún mọ́kànlá wọ inú gbólóhùn yẹn, kò jáde mọ́. Ẹ má sọ pé irọ́ ni. Omi bà á jẹ́ lóòótọ́.

Wòlíì kó bírò ẹ̀ àti ife ẹ̀ sínú báàgì, ó bọ́ sí kọ́rídọ̀. Kí n sọ òótọ́, ọkàn ẹ̀ fúyẹ́. Ó tilẹ̀ ti ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa dùn tó tóun bá sọ ọ́ ní kíláàsì: bí òun ṣe dìde, bí òun ṣe ní má fi mí búra, bí òun ṣe kọ̀ láti di òrìṣà. Ó ti ń wá ẹsẹ tó máa bá a mu.

Agbálẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti fún ìnulẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wòlíì dúró, ó ń retí ọpẹ́.

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni obìnrin náà sọ.

"Ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ọmọ mi."

"Ọjọ́ mẹ́jọ, Bàbá. Ọmọ mi àgbà ò lọ sí iléèwé, wọ́n ń pè é lọ́mọ olè." Kò pariwo, ṣùgbọ́n inú ń bí i, kò sì fi pa mọ́. Ó fi ìnulẹ̀ ti ògiri. "Ẹ jẹ́ n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ká ní Ọlọ́run ni mo fi búra, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, ṣé ẹ̀ bá sọ̀rọ̀?"

Wòlíì gbé báàgì láti ọwọ́ kan sí ìkejì. Ó wo ọ̀nà àbájáde, ó wo obìnrin náà. Obìnrin náà ò kúrò níwájú ẹ̀.

"Rárá," ni Wòlíì sọ.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀.